Ìwé Tí Mo Kọ sí Màmá Mi Kí Wọ́n Tó Yọ Eyín Mi

Òórùn kannáfùrù ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dún yẹn. Bàbá mi á ti jí ṣáájú àkùkọ, á ti gún kannáfùrù mẹ́rin márùn-ún, á pò ó mọ́ òróró díẹ̀, á ki òwú bọ̀ ọ́, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, á ní kí n la ẹnu. Ìka rẹ̀ tóbi, ó sì le nítorí ẹfun ìkọ̀wé. Bí òwú náà bá ti kan eyín ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì báyìí, gbogbo ara mi á gbọ̀n títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, omi á bọ́ lójú mi, bàbá mi á sì máa sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó ti tán," nígbà tí kò tíì tán. Òórùn náà á bá mi wẹ̀, á bá mi wọ aṣọ, á bá mi dé ilé ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ mí ní Oníkannáfùrù. Mi ò lè fún wọn lésì, nítorí bí mo bá la ẹnu, òórùn yẹn ni yóò kọ́kọ́ jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ìjọba ológun ló wà lórí oyè, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń pe ara wọn ní kámárádì, títí kan àwọn tí kò fẹ́ fojú kan ara wọn. Tíṣà ni bàbá mi. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ni wá; ìjọba ló gbé bàbá mi wá sí Ṣábẹ̀ pé kó wá ṣe direkitéè, ìyẹn ọ̀gá àgbà, ní ilé ìwé kan. Màmá mi kò bá wa wá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ọkùnrin ni, ojú ìyá bàbá mi tó wà nílé sì ti fọ́, kò sẹ́ni tó lè fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kí èmi tẹ̀ lé bàbá mi, kí n lè máa bá a dáná, kí n sì máa kàwé lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pín wa sí méjì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè pé apá wo ni mo fẹ́.

Yàrá méjì la gbà nínú agbo ilé kan tó wà nídìí àpáta. Lọ́sàn-án, àpáta yẹn á mu oòrùn yó, nírọ̀lẹ́ á máa tú ooru náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sára ògiri wa. Ìyá Kábúà ni àgbà agbo ilé. Kábúà ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, orúkọ ìlú rẹ̀ ni gbogbo ayé sì fi ń pè é. Obìnrin gíga ni, ó gbó, ó sì tọ́, kíkí sì ni ohun tó kà sí jù láyé. Bí o bá kí i láàárọ̀, "ẹ kú àárọ̀" kan ṣoṣo kò tó o. Yóò béèrè bí o ṣe sùn, bí bàbá rẹ ṣe sùn, bí àwọn ará Pọ́bẹ̀ ṣe wà, bí ọmọ tuntun ṣe ń ṣe, bí ara ìyá àgbà ṣe rí. Lórí ìkúnlẹ̀ ni wàá ti máa dáhùn pé "Àlàáfíà ni, ìyá," títí orúnkún á fi máa ro ọ́.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ìdajì ni mo máa ń dáhùn, màá sì dìde. Lọ́jọ́ kan Ìyá Kábúà bi bàbá mi lójú mi pé, "Tíṣà, ṣé wọn kì í kí ènìyàn ní Pọ́bẹ̀ ni?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í. Nígbà tí a wọlé, ó ní, "Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí o bá ń kí wọn ní ìdajì, èmi àti ìyá rẹ ni wọ́n ń bú." Kò na mí, kò sì pariwo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akíni. Mo kí wọn débi pé àwọn ìyá tó kù ń fi mí bú àwọn ọmọ tiwọn.

Ìrèké ni bàbá mi di ẹ̀bi eyín náà rù. Òótọ́ ni pé mo máa ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, tó ń dán, ó wò mí títí, ó ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín mọ́. Kannáfùrù kò ran án mọ́. Ó gbé mi sẹ́yìn mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà eyín kan máa ń wá síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ará Faransé. Ìjọba ló gbà á wá láti ìlú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òkèèrè, èdè Faransé rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dán ju tèmi lọ. Ó tan iná sí mi lẹ́nu, ó fi irin kékeré kan eyín náà, mo sì ta kìjí. Ó ní ọyún ti kún ìdí rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti wọ́ mọ́ egungun, kò ṣeé fà yọ lásán. Ó máa fi abẹ la èrìgì, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ fún mi lábẹ́rẹ́ oorun kí n má bàa mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó fún wa ní oògùn tí màá máa lò kí wíwú náà lè lọ sílẹ̀, ó sì dá ọjọ́bọ̀ kan fún wa nígbà tó bá tún padà wá. Ó ka òfin fún wa: bí mo bá ti jẹun alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nǹkan kan kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́, ì báà ṣe omi, nítorí oúnjẹ lè gun ọ̀fun ẹni tí oògùn mú sùn. Bí wọ́n bá ṣe é tán, kí n fi eyín di òwú mú pinpin, kí n má tutọ́, kí n má sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bàbá mi béèrè pé, "Ṣé ó máa jí?" Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́: kí màmá mi dé kí ọjọ́bọ̀ náà tó pé. Abẹ kò bà mí lẹ́rù tó oorun. Mo rò pé ẹni tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ mú sùn, àfi kí ìyá rẹ̀ pè é kó tó lè mọ ọ̀nà padà. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo rò ó lórí ẹní mi, mo sì gbà á gbọ́.

Ọjọ́ ìsinmi la máa ń kọ ìwé sí màmá mi. Obìnrin Pọ́bẹ̀ kan tó ń wá ra iṣu ní Ṣábẹ̀ ló máa ń bá wa mú un lọ. Màmá mi kò mọ̀wé. Ọmọ aládùúgbò kan ló máa ń kà á sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ilé á sì pé jọ láti gbọ́. Nítorí náà ni bàbá mi ṣe máa ń sọ pé, "Ìwé tí gbogbo agbo ilé máa gbọ́, a kì í da ẹkún sínú rẹ̀." Òun ló máa ń sọ ọ́, èmi a sì máa kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé ti ilé ìwòsàn, wọ́n pe àwọn direkitéè sí ìpàdé. Bàbá mi wọ bàtà rẹ̀, ó ní, "Ìwọ ni kí o kọ ọ́ lónìí. O ti dàgbà tó. Sọ ọ̀rọ̀ eyín náà fún un." Ó sì lọ.

Mo jókòó ti ìwé náà. Mo kí ìyá àgbà, mo kí màmá mi, mo kí àbúrò mi, mo kí àwọn àbúrò bàbá mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kí àwọn aládùúgbò tí mi ò tilẹ̀ rántí ojú wọn mọ́. Mo kọ ọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo wa wà, bí a ṣe máa ń kọ ọ́. Nígbà tí mo máa fi kí wọn tán, ìlà méjì péré ló kù nísàlẹ̀ ìwé. Mo wá rí gbogbo wọn lójú ẹ̀mí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rí ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ fọ́, tó máa figbe ta pé wọ́n fẹ́ fi abẹ la ẹnu ọmọ òun. Ọwọ́ mi kò lè kọ ọ́. Mo kọ báyìí: "Màmá, kajú ti pọ́n níbí. Ó pọ̀ gan-an." Màmá mi fẹ́ràn kajú. Mo rò pé bó bá ti gbọ́ ọ, yóò mọ̀ pé mò ń pè é ni. Ṣebí òun ló máa ń mọ̀ pé ara mi gbóná kí n tó jí, láìfọwọ́ kàn mí? Mo pa ìwé náà pọ̀, mo fi ìrẹsì lẹ̀ ẹ́.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè lọ́sàn-án, màá fi ohunkóhun tí mò ń ṣe sílẹ̀, màá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé. Màá máa wo àwọn tó ń ti gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, bóyá màá rí ẹni tó pọn ọmọ. Bí mo bá rí ẹni tó pọn ọmọ, àyà mi á já. Títí ọjọ́rú fi pé, gbogbo ìyá tó ń kọjá ni ìyá àwọn ẹlòmíì.

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀ náà, ebi ń pa mí bí ẹni tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá Kábúà ti gbé ẹ̀kọ mímu lé iná nítorí tèmi. A ti sọ fún un pé mi ò gbọdọ̀ jẹun, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀kọ kì í ṣe oúnjẹ, ó ní ọmọ kì í jáde nílé òun pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ó gbé igbá náà fún mi, ó ń gbóná, ó ti fi ṣúgà sí i. Ta ni yóò kọ̀ fún un? Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́. Mo wá gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo dà á sílẹ̀ fún ewúrẹ́, mo ń wo ẹnu ewúrẹ́ náà bó ṣe ń lá a. Mo dá igbá padà, mo ní ẹ ṣé, ìyá, ó dùn.

Bàbá mi gbé mi dé ilé ìwòsàn, ó fà mí lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Kò lè dúró. Àwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá wo oko ilé ìwé lọ́jọ́ náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ tò, wọ́n gbọ́dọ̀ kọrin, direkitéè sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Màá ti dé kí o tó lajú. O gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Mo tẹ́tí sí mobilẹ́ẹ̀tì rẹ̀ títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Wọ́n tẹ́ mi sórí ibùsùn gíga kan, nọ́ọ̀sì gún mi lábẹ́rẹ́ lápá, ó ní kí n máa ka oókan, eéjì. Mo yí ojú sí ẹnu ọ̀nà kí n lè rí màmá mi bó bá wọlé. Mo rántí eéje. Mi ò rántí ẹẹ́jọ.

Nígbà tí mo jí, mi ò mọ ibi tí mo wà. Òkè àjà ń lọ, ó ń bọ̀. Ahọ́n mi wúwo, òùngbẹ ń gbẹ mí, ẹnu mi kún fún òwú, mo sì fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì. Èébì gbé mi, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò sí níkùn mi tí màá bì. Bàbá mi kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ ní ibùsùn kejì rí i pé mo ti lajú. Ó ní, "Ọmọ, o kú ewu. Ìyá ẹ ńkọ́?" Mi ò lè dáhùn, mo na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Òun náà wo ẹnu ọ̀nà. Àwa méjèèjì wò ó fún ìgbà díẹ̀, ọkọ rẹ̀ wá húkọ́, ó sì yíjú sí i.

Oòrùn ti ń rọ̀ kí bàbá mi tó dé, eruku pupa wà lára ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní àwọn aláṣẹ kò tètè lọ, ọ̀rọ̀ wọn pọ̀. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé ẹni tó bá dìde nígbà tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láyé ìgbà náà, wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà náà mi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pé ó ṣèlérí.

A dé ilé. Ìyá Kábúà àti àwọn obìnrin méjì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Gbogbo wọn gbójú sókè. Ìyá Kábúà ní, "Ẹ kú ewu o! Ọmọ mi, o kú ewu! Ṣé ara le? Ṣé wọn ò ṣe ẹ́ léṣe?" Mo kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kí n dáhùn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n mo rí ojú mẹ́ta tó ń wò mí, bàbá mi sì dúró lẹ́yìn mi. Mo yọ òwú náà lẹ́nu, mo fi í pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìyá. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú iṣẹ́. Àlàáfíà ni." Kí n tó sọ ọ́ tán, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn dé àyà aṣọ mi.

Ìyá Kábúà da àtẹ ẹ̀gúsí nù. Ó ní, "Yéè! Ta ló ní kí o kí mi? Ìkíni dára, a kì í fi ẹ̀jẹ̀ kíni!" Ó fà mí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ki òwú tuntun sí mi lẹ́nu, ó fi ọwọ́ kan gbá orí mi mú, ó fi èkejì ti àgbọ̀n mi sókè. Bàbá mi sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì dé, ó wò ó, ó ní bí ìyá ṣe mú un yẹn dára, kó má tú u sílẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Ó sì dì mí mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó ń rùn bí ẹ̀gúsí. Bí mo ṣe wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí mi, ó rọra béèrè pé, "Ìyá ẹ mọ̀ pé òní ni?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ó ń bọ̀?" Mo tún mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Èmi á máa dì ẹ́ mú dè é." Mi ò dá wà rí nínú ayé mi bí mo ṣe dá wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, tó mú mi dáadáa, tí kì í ṣe òun ni mo fẹ́.

Ìròyìn náà tàn. Nídìí kànga, níwájú ilé ìwé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ Tíṣà tí wọ́n fi abẹ là lẹ́nu tó sì tún kúnlẹ̀ kíni. Wọ́n ní, "Kò sunkún o. Ọmọ tí a kọ́ nìyẹn." Bàbá mi ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo ń fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ, mo ń mu ẹ̀kọ tútù, mo ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo.

Ọjọ́ kẹta ni obìnrin oníṣu dé láti Pọ́bẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sáré jáde, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan tún ń bọ̀. Òun nìkan ni. Ó gbé àpò gàrí kékeré kan kalẹ̀, ó tún fún mi ní àpò ńlá kan tí nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá ẹ ní o ṣeun o. Inú rẹ̀ dùn pé kajú ti pọ́n. Ó ní kí o bá òun ṣa kóró rẹ̀ kún àpò yìí, kí n bá òun gbé e bọ̀, òun á sun ún tà." Ó wá wo ojú mi. "Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ?" Mo ní, "Kò sí nǹkan, ìyá."

Mo bínú sí màmá mi, ìbínú burúkú tí mi ò mọ̀ pé ọmọdé lè ní. Ṣùgbọ́n mo mú àpò náà, mo lọ sábẹ́ igi kajú. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣa á. Mò ń yí kóró kúrò lára èso pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, eṣinṣin ń kùn yí mi ká, bí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ojú egbò náà á máa lù kìkì. Mo ṣa á kún àpò náà dé ẹnu. Bàbá mi rán an.

Ìgbà ọlidé ńlá, nígbà òjò, ni màmá mi tó wá. Àbúrò mi ti ń jókòó. Mo la ẹnu gbàgà rẹ́rìn-ín sí i, màmá mi sì rí àlàfo náà. Ó ní, "Eyín ẹ dà?" Bàbá mi yíjú, ó ní, "Ṣé kò sọ ọ́ nínú ìwé ni? Mo ní kó sọ ọ́." Màmá mi ní, "Ìwé wo? Ìwé kajú?" Bàbá mi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, abẹ́rẹ́ oorun, ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ Ìyá Kábúà. Màmá mi gbé ọmọ sílẹ̀. Ó ní, "Àdùkẹ́, kí ló dé tí o ò pè mí?" Mo ní, "Mo pè yín. Mo ní kajú ti pọ́n."

Màmá mi fà mí mọ́ra, ó fi ìka rẹ̀ kan ibi tí eyín náà wà tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ti jinná, kò dùn mí rárá. Mo fẹ́ kó dùn mí.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, mo sì ti di ọ̀gá nínú kí ènìyàn máa sọ pé kò sí nǹkan. Nígbà tí ọkọ mi ń ṣàìsàn tó pa á, lẹ́nu aládùúgbò ni àwọn ọmọ mi ti gbọ́. Mo ní mi ò fẹ́ dà wọ́n láàmú. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Parakú, kò dé bá bàbá rẹ̀ láyé, kò sì tíì dárí rẹ̀ jì mí tán. Ó ń pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ ìsinmi, a ń kí ara wa dáadáa, ó tán síbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní òun máa la èrìgì mi, apá ọ̀tún lọ́tẹ̀ yìí, pẹ̀lú oògùn oorun. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gbé fóònù, tí mo ń gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo pe ọmọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi, mo já lu ìkíni rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n fẹ́ fi abẹ là mí lẹ́nu. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ kí o wá." Ó ní, "Màmá, kí lẹ ò tíì sọ?" Mo ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo lajú, ó wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, oorun ti gbé e lọ, bàtà rẹ̀ kan ti bọ́. Mo bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní àgbàlagbà bíi tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn kò sunkún rárá, gbogbo agbo ilé sì yìn ín. Èmi sunkún títí ọmọ mi fi jí.